Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ́ Kí Fóònù Yín Mọ Ipò Tí Ẹ Wà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ sí mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà bèèrè rẹ̀. Ẹnì kan á ní fóònù òun dún gooro nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́, tí gbogbo ojú sì yí padà wò òun. Ẹlòmíràn á ní òun pa ìró fóònù òun kí òun tó wọ ìpàdé, òun sì gbàgbé láti ṣí i padà, títí ilé ẹ̀kọ́ fi pe òun ní ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nítorí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé fóònù tí mo fi owó gidi rà yìí kò lè mọ ibi tí mo wà àti ohun tí mò ń ṣe ni? Ó lè mọ̀ ọ́n dé àyè kan, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ óò sọ fún un. Ẹni tí ó ní fóònù Android tàbí iPhone ni mo kọ èyí fún, kò sì pọn dandan kí ẹ mọ ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà ju bí a ṣe ń ṣí Settings lọ.

Àmì ni fóònù ń rí

Fóònù kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìsìn, ìpàdé tàbí oorun. Ohun tí ó mọ̀ ni aago, ibi tí ó wà lórí máàpù, orúkọ Wi-Fi tí ó so mọ́, Bluetooth tí ó wà nítòsí rẹ̀, bóyá ó ń mì tàbí ó dúró jẹ́ẹ́, àti bóyá ó wà lórí ṣájà. Gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò ju pé kí a mú ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn àmì wọ̀nyí, kí a sì sọ fún fóònù pé: "Bí o bá ti rí èyí, ohun tí ó túmọ̀ sí fún mi nìyí, ohun tí mo sì fẹ́ kí o ṣe nìyí." Títẹ bọ́tìnnì kò le. Ibi tí ó le ni kí a yan àmì tí kì í yọjú níbòmíràn, nítorí pé bí àmì tí ẹ yàn bá ń yọjú káàkiri, fóònù á máa ṣe ohun tí ẹ kò rán an, ẹ óò sì máa rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó ṣí Settings

Ẹ mú ìwé àti bírò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò fo apá yìí, àwọn náà ni wọn yóò sì padà wá bèèrè ìbéèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ dáhùn àwọn wọ̀nyí ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

- Ipò wo ni fóònù ti ń yọ mí lẹ́nu jù? Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo.
- Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe níbẹ̀: kí ó dákẹ́ pátápátá, kí ó máa gbọ̀n, àbí kí ó dún sókè sí i?
- Àmì wo ni ó máa ń wà nígbà náà, tí kì í sí nígbà mìíràn?
- Àwọn wo ni ó gbọ́dọ̀ lè bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀síbẹ̀?
- Kí ni yóò fi òpin sí ipò náà?

Ìbéèrè karùn-ún ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Wọn yóò sọ fún fóònù bí yóò ṣe dákẹ́, wọn kò ní sọ fún un bí yóò ṣe padà dún, ibẹ̀ sì ni ìpè mẹ́sàn-án ti ilé ẹ̀kọ́ náà ń sọnù sí.

Ẹ dá ipò kan sílẹ̀

Orúkọ tí fóònù kọ̀ọ̀kan pe nǹkan yìí yàtọ̀ síra. Bí ẹ kò bá rí i níbi tí mo darí yín sí, ẹ lo àpótí ìwákiri tí ó wà lókè Settings, nítorí pé oníṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ni ó ń to Settings tirẹ̀ bí ó ṣe wù ú.

*Lórí Samsung tí kò pẹ́ púpọ̀:*

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Modes and Routines.
2. Ẹ ó rí àwọn ipò tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, bíi Sleep, Work àti Driving. Bí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ Add mode, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tí ẹ óò dá mọ̀.
3. Ẹ yan ohun tí yóò máa tan ipò náà fúnra rẹ̀: aago, ibi kan, tàbí àmì mìíràn.
4. Ẹ yan ohun tí fóònù yóò ṣe: kí ó tan Do Not Disturb (ètò tí ń pa ìró ìpè àti ìfitónilétí), tàbí kí ó yí ìró padà sí gbígbọ̀n.
5. Ẹ fi pamọ́, kí ẹ padà wò ó lójú ara yín bóyá ó wà nínú àkójọ.

*Lórí iPhone tí ó ní iOS 15 (ọdún 2021) tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e:*

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Focus, kí ẹ sì tẹ àmì ìròpọ̀ tí ó wà lókè.
2. Ẹ yan irú ipò náà, tàbí kí ẹ yan Custom.
3. Ẹ kọ́kọ́ yan àwọn ènìyàn tí ẹ fún láyè, lẹ́yìn náà àwọn áàpù. Ẹ má ṣe fo ti ènìyàn.
4. Ní abẹ́ Schedule, ẹ yan aago, ibi, tàbí áàpù kan tí ṣíṣí rẹ̀ yóò máa tan ipò náà.

*Lórí Android yòókù:*

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní Do Not Disturb tí ó ní Schedules nínú. Ẹ ó rí i ní abẹ́ Sound tàbí Notifications. Lórí ọ̀pọ̀, oríṣi méjì ni ẹ ó bá níbẹ̀: èyí tí ń tẹ̀ lé aago, àti èyí tí wọ́n pè ní Event, tí ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà yín. Èyí Event yìí dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Bí ẹ bá kọ ìpàdé sínú Google Calendar pẹ̀lú wákàtí tí ó bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tí ó parí, fóònù yóò dákẹ́ nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, yóò sì padà dún nígbà tí ó parí, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun ní ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá yan ibi gẹ́gẹ́ bí àmì

Ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, nọ́ńbà ilé kò tò lẹ́sẹẹsẹ, àdírẹ́sì tí ẹ kọ sì lè gbé máàpù lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, tàbí sí ibùdókọ̀ tí ó jìnnà sí ilé yín díẹ̀. Ohun tí ó sàn ni èyí:

1. Ẹ dé ibi náà fúnra yín kí ẹ tó ṣe ètò rẹ̀. Ẹ má ṣe jókòó sílé kí ẹ máa wá ibi iṣẹ́ lórí máàpù.
2. Ẹ tan Location, kí ẹ jáde sí àgbàlá tàbí kí ẹ súnmọ́ fèrèsé, nítorí pé ògiri kọnkéré àti àjà ilé onípele máa ń dí ọ̀nà mọ́ àmì sátẹ́láìtì.
3. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo àmì búlúù tí ó wà lórí máàpù. Òbìrí fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà yí i ká. Bí òbìrí náà bá ṣe ń kéré sí i ni fóònù ṣe ń dá ibi tí ẹ wà mọ̀ sí i.
4. Ẹ fa pín-ìnnì máàpù náà wá sí orí òrùlé ilé náà gan-an.
5. Bí fóònù bá bi yín bí ibẹ̀ yóò ti fẹ̀ tó, ẹ má ṣe kéré ju mítà 100 lọ.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe mítà 20, nígbà tí ilé òun kò tóbi. Ìdí ni pé fóònù kì í wo sátẹ́láìtì ní gbogbo ìgbà, nítorí bátìrì. Ó máa ń lo Wi-Fi àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ro ibi tí ó wà, èrò náà sì lè yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Google fúnra rẹ̀ gba àwọn tí ń ṣe áàpù Android níyànjú pé kí òbìrí náà jẹ́ mítà 100 sí 150, ó kéré tán. Ẹ tún mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀: ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lè kọjá kí fóònù Android tó gbà pé ẹ ti dé, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́fà bí fóònù bá ti wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sáré wọ kóòtù nígbà tí adájọ́ ti jókòó kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ibi nìkan. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa fóònù.

Wi-Fi: ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yọ̀

Wi-Fi dára gẹ́gẹ́ bí àmì, torí pé ó yá, kì í sì í jẹ bátìrì púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ọ̀fìn méjì ni ó wà nínú rẹ̀ tí ìwé ìlànà fóònù kò ní sọ fún yín.

Ti àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná. Bí ẹ bá sọ fún fóònù pé Wi-Fi ilé túmọ̀ sí pé ẹ wà nílé, ohun tí fóònù yóò gbà nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí ráútà (ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi) sì kú ni pé ẹ ti jáde. Ní aago méjì òru, nígbà tí ẹ ń sùn, yóò jáde kúrò nínú ipò oorun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fún gbogbo ìfitónilétí tí ó bá wọlé. Bí iná bá dé, yóò tún padà dákẹ́, ẹ kò sì ní mọ ohun tí ó jí yín.

Ti èkejì ni MiFi, èyí sì ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Mo máa ń fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí mo bá wà ní ilé ìdáná, nítorí náà mo sọ fún un pé ìgbàkígbà tí ó bá so mọ́ Wi-Fi ilé mi, kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Mo gbàgbé pé Wi-Fi ilé mi kì í ṣe ti ilé rárá. MiFi kékeré tí mo máa ń jù sínú báàgì ni. Ìgbà tí mo rántí ni ìgbà tí a wà níbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi kan. Mo ti pa ìró fóònù náà kí n tó jókòó. MiFi wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára, Wi-Fi ń já, ó sì ń so padà. Bí ó bá sì ti so padà ni fóònù ń gbé ohùn ara rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí mo ti ní kí ó ṣe. Àsìkò tí wọ́n ń gbé pósí sọ̀kalẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìpè kan wọlé. N kò ní sọ orin tí mo fi ṣe ìró ìpè nígbà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Wi-Fi, ẹ ṣe é báyìí:

- Wi-Fi tí a kàn mọ́ ojú kan nìkan ni kí ẹ lò. MiFi àti họ́tísípọ́ọ̀tì inú fóònù ẹlòmíràn kò bójú mu fún iṣẹ́ yìí.
- Ẹ so ó pọ̀ mọ́ aago: "Wi-Fi ilé, láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀." Modes and Routines ń gbà kí àmì méjì pàdé kí ó tó ṣiṣẹ́.
- Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, tí ráútà kò sì sí lórí ínfátà, ẹ fi Wi-Fi sílẹ̀, kí ẹ lo ibi tàbí aago.
- Ẹ yí orúkọ tí ráútà bá dé padà. Bí orúkọ náà bá jọ ti ráútà aládùúgbò, ẹ̀yin fúnra yín lè tẹ èyí tí kì í ṣe tiyín nígbà tí ẹ bá ń ṣètò.

Àwọn tí ó gbọ́dọ̀ lè rí yín bá sọ̀rọ̀

Fóònù tí ó dákẹ́ fún gbogbo ènìyàn léwu ju èyí tí ń pariwo lọ. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìyàwó tàbí ọkọ, ẹni tí ń tọ́jú àwọn òbí yín, ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, àti bóyá ọ̀gá níbi iṣẹ́.

1. Lórí Android, ẹ fi àmì ìràwọ̀ sí orúkọ wọn nínú Contacts. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Do Not Disturb, kí ẹ wá Calls, kí ẹ sì yan Starred contacts.
2. Lórí iPhone, ẹ fi wọ́n sí abẹ́ People nínú Focus náà. Fún ẹni tí kò gbọdọ̀ pàdánù yín láéláé, ẹ ṣí orúkọ rẹ̀ nínú Contacts, ẹ tẹ Edit, ẹ wọ Ringtone, kí ẹ sì tan Emergency Bypass. Ìpè rẹ̀ yóò máa dún kódà bí fóònù bá wà ní ipò ìdákẹ́jẹ́.
3. Ẹ tan àyè fún ẹni tí ó bá pè lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Lórí Android, bí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, yóò dún. Lórí iPhone, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.

Ẹ sọ fún àwọn ará ilé nípa ìgbésẹ̀ kẹta yìí. Kò wúlò bí ẹ̀yin nìkan bá mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀rọ̀ bá le, kí wọ́n sì má ṣe é bí kò bá le.

Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fi ìràwọ̀ sí orúkọ rẹ̀ fún ipò oorun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago mẹ́jọ alẹ́ ní Houston ni aago méjì òru ní Èkó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun alẹ́ tán, tí ó fẹ́ kàn kí màmá rẹ̀, kò ní ọ̀ràn pàjáwìrì lọ́wọ́. Ìlànà ìpè ẹ̀ẹ̀mejì tó fún un.

Nínú ọkọ̀

Fóònù lè mọ̀ pé ẹ ń rin ìrìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí ọkọ̀. Bí ẹ bá ti ní kí iPhone máa tan ipò Driving fúnra rẹ̀, ìyẹn aládàáṣe, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn nínú dánfó láti Ọ̀shòdì sí Ìkòròdú náà yóò di awakọ̀ lójú rẹ̀, gbogbo ìfitónilétí rẹ̀ yóò sì dúró. Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì I'm Not Driving fi máa ń jáde. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti tọ́ ọ sọ́nà nìyẹn.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tiyín má lo aládàáṣe. Ẹ wọ Settings, Focus, Driving, While Driving, kí ẹ sì yan Bluetooth ọkọ̀. Lórí Samsung náà, ẹ lo Bluetooth ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì fún Driving. Bluetooth ọkọ̀ yín kì í bá yín wọ dánfó, kì í sì í bá yín gun ọ̀kadà. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, ẹ pa ipò yìí rẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀.

Ibi ìjọsìn àti iṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ ń yí

Ṣọ́ọ̀ṣì rọrùn: ìsìn ọjọ́ Àìkú ní wákàtí tí ó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì fi wákàtí kan kún ìgbà tí wọ́n ní yóò parí, torí pé ẹ̀yin náà mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí.

Ìrun kò rí bẹ́ẹ̀. Òòrùn ni àkókò ìrun ń tẹ̀ lé, ó sì ń sún díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, nítorí náà aago tí ẹ fi lélẹ̀ ní oṣù Kìíní kò ní bá a mu ní oṣù Keje. Fún Jímọ̀ nìkan, ẹ lè lo aago kan tí ó fẹ̀ dáadáa. Fún ìrun yòókù, ọwọ́ ni kí ẹ fi tan án, ṣùgbọ́n kí fóònù fúnra rẹ̀ pa á:

- Lórí iPhone, ẹ fa Control Center wálẹ̀, ẹ tẹ Focus, ẹ tẹ àmì (•••) tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Do Not Disturb, kí ẹ sì yan "For 1 hour" tàbí "Until I leave this location". Èyí kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín: bí ẹ bá ti jáde kúrò ní mọ́ṣáláṣí, yóò paná fúnra rẹ̀.
- Lórí Android, ẹ wọ ìṣètò Do Not Disturb, kí ẹ wá Duration for Quick Settings, kí ẹ sì yan wákàtí kan tàbí Ask every time. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lókè fóònù, yóò ní òpin.

Ọ̀nà kan náà ni mo júwe fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ òru, ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ń ṣe ti ọ̀sán, kò sì sí aago tí fóònù lè tẹ̀ lé. Ó ti gbìyànjú láti lo ṣájà gẹ́gẹ́ bí àmì oorun, ṣùgbọ́n ìgbà tí iná bá dé ni ó ń fi fóònù sí ṣájà, yálà ó ń sùn tàbí kò sùn. Nísinsìnyí, tí ó bá dé láti ibi iṣẹ́, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, yóò yan wákàtí mẹ́fà, yóò sì sùn.

Ipò tí ẹ kò ní lè sọ̀rọ̀

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lónìí. Bí ẹ bá dákú lójú ọ̀nà, fóònù tí ó wà ní títì lè sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún ẹni tí ó gbé yín, bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

1. Lórí ọ̀pọ̀ Android: Settings, Safety and emergency, lẹ́yìn náà Medical information àti Emergency contacts.
2. Lórí iPhone: áàpù Health, àwòrán yín lókè, Medical ID. Ẹ rí i dájú pé Show When Locked wà ní títàn.
3. Ẹ kọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, òògùn tí ara yín kọ̀, èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, àti nọ́ńbà ènìyàn méjì.
4. Kò sí àpótí fún jẹ́nótáìpù. Ẹ kọ SS, AS tàbí AA sínú Medical notes, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ SS.

Ẹ fi han ará ilé kan bí a ṣe ń rí i: láti ojú fóònù tí ó wà ní títì, a óò tẹ Emergency, a óò sì wá ìsọfúnni ìlera níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a ti lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Ìkìlọ̀ kan tí ó ṣe pàtàkì

Android ní ètò kan tí a ń pè ní Extend Unlock, tí a mọ̀ sí Smart Lock tẹ́lẹ̀. Ẹ lè sọ fún un pé bí ẹ bá wà nílé, kí fóònù má ṣe ti ara rẹ̀ pa. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ohun tí fóònù kà sí ilé lè tó mítà 80 yí ká. Nínú ilé onífèèsìmí-n-fèèsì-ẹ, mítà 80 kó yàrá gbogbo àwọn ayálégbé mọ́ ọn, ó kó ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó sì kó ilé kejì àti ìkẹta. Áàpù báńkì yín wà nínú fóònù yẹn. Ẹ má ṣe tan án fún ibi kankan.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

Ẹ yẹ àwọn wọ̀nyí wò bí mo ṣe tò wọ́n, nítorí pé èyí tí ó wà lókè ni ó máa ń jẹ́ ìdí jù:

1. Bátìrì. Ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú máa ń pa áàpù tí ẹ kò wò lójú kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ wọ ìṣètò bátìrì fún áàpù tí ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹ yan Unrestricted. Ẹ tún wò bóyá Battery Saver wà ní títàn, torí pé ó lè pa Location nígbà tí ojú fóònù bá ṣókùnkùn.
2. Àṣẹ. Láti Android 10, áàpù tí ẹ fún ní àṣẹ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí fóònù wà nínú àpò. Áàpù tí ń yí ipò padà nílò "Allow all the time". Lórí iPhone, "Always" ni. Ẹ má ṣe fún áàpù eré, iná tọ́ọ̀ṣì tàbí èyí tí ń yáni lówó ní irú àṣẹ yìí láéláé.
3. Ibi tí kò péye. Láti Android 12 àti iOS 14, ẹ lè fún áàpù ní ibi tí ó sún mọ́ òótọ́ nìkan. Ó dára fún ojú ọjọ́. Kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tan Precise location.
4. Ipò méjì tí ń jà. Bí aago bá ní kí ó dákẹ́, tí Wi-Fi sì ní kí ó dún, ẹ kò lè mọ èyí tí yóò borí. Ẹ pa ọ̀kan rẹ́.
5. Fóònù méjì. Lórí iPhone, Share Across Devices máa ń tan Focus kan náà sórí iPad àti fóònù kejì yín. Bí ọmọ yín bá ń lo iPad tí ó wà lórí àkáǹtì yín, bí ó bá tan Focus kan níbẹ̀, fóònù yín náà yóò dákẹ́.

Ìdánwò

Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọ inú ipò náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì ní kí ẹni tí kò sí nínú àkójọ yín pè yín: kò gbọdọ̀ dún. Kí ẹni tí ó wà nínú àkójọ pè: ó gbọ́dọ̀ dún. Kí ẹni àkọ́kọ́ tún pè lójú ẹsẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dún ní ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò níbẹ̀, ẹ rìn kọjá mítà 200, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá ipò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí Wi-Fi bá wà lára àmì yín, ẹ yọ wáyà ráútà kúrò lára iná, kí ẹ wo ohun tí fóònù yóò ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ padà sí ìwé tí ẹ kọ, kí ẹ mú ipò kejì.